Ta Ló Máa Túfọ̀ fún Ajá?

Tí èèyàn bá kú, a máa ń túfọ̀. A ó pe ẹ̀gbọ́n, a ó pe àbúrò, a ó ránṣẹ́ sí ibi iṣẹ́, a ó fi sórí WhatsApp. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò lè gbà á, a ó ní kó jókòó ná, a ó wá àgbàlagbà kan tó mọ ọ̀rọ̀ọ́ sọ kó fẹ̀sọ̀ là á yé e. Àwọn kan wà nínú ilé tí ẹnikẹ́ni ò lè túfọ̀ fún: ajá tó nà gbalaja sẹ́nu ọ̀nà, ológbò tó ká jọ sórí àga olóògbé, ayékòótọ́ tó ṣì ń fi ohùn olóògbé pe àwọn ọmọ ilé. Ohun tí wọ́n mọ̀ ò ju pé ẹni tó jáde kò tíì wọlé.

Látìgbà tí bàbá mi ti jáde láyé ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi. Àwọn èèyàn máa ń béèrè pé, ṣé ẹranko máa ń ṣọ̀fọ̀ lóòótọ́? Lójú tèmi, wọ́n máa ń ṣọ̀fọ̀, àmọ́ ọ̀fọ̀ wọn ò ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀. Àwa mọ ọjọ́ tí ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀, a sì mọ̀ pé ó ti parí. Ti ẹranko, ìdúró ni. Ó ń dúró de ẹni tí kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kò ní wá mọ́, ìdúró yẹn ló sì ń tán an lókun díẹ̀díẹ̀.

Tanímọ̀la lorúkọ ajá bàbá mi. Ajá pupa ni, etí rẹ̀ ọ̀tún nà ró, ti òsì tẹ̀ wálẹ̀. Bàbá fúnra wọn ni wọ́n ń fún un lóúnjẹ, àwọn ni wọ́n ń mú un rìn láàárọ̀ kùtù, àwọn náà ni wọ́n ń bá a wí tó bá gbó mọ́ àlejò ju bó ṣe yẹ lọ. Ilé ìwòsàn ni wọ́n kú sí, torí náà Tanímọ̀la ò rí òkú, kò gbóòórùn rẹ̀. Ohun tó rí ni pé a gbé bàbá wọ mọ́tò, mọ́tò padà dé, bàbá ò sí níbẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, tí mọ́tò náà bá ti wọlé, á sáré lọ dúró ti ilẹ̀kùn tí a gbà gbé bàbá wọ inú rẹ̀. Tí a bá ṣí i, á ti imú bọ inú, á gbóòórùn ìjókòó, á gbóòórùn ibi tí ẹsẹ̀ ń wà, á wá yí padà, á lọ dùbúlẹ̀. Kì í gbó, kì í ké. Àwọn tó ń bá wa kẹ́dùn ń wọlé, wọ́n ń jáde, ó sì ń gbóòórùn bàtà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí aṣọ́bodè tó ń yẹ ìwé ìrìnnà wò. Kò sí èyí tó bá a lára mu.

Àbúrò mi ọkùnrin ló gba ìrìn àárọ̀ náà ṣe. Nígbà tó kọ́kọ́ mú un jáde, wọn ò tíì rìn jìnnà tí ajá fi dúró sábẹ́ igi kan, ó sì jókòó. Àbúrò mi fa okùn, ajá ò mira. Ó ṣe díẹ̀, ajá dìde fúnra rẹ̀, ó ń lọ. Wọ́n dé ẹ̀gbẹ́ ògiri kan tí kò ga, ó tún jókòó. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe títí wọ́n fi darí wálé. Màámi ni wọ́n là á yé wa: orúnkún máa ń ro bàbá, wọ́n sì máa ń dúró sinmi lójú ọ̀nà. Wọn ò jẹ́ kí àwa ọmọ mọ bí orúnkún náà ṣe le tó. Ajá mọ̀. Ó mọ gbogbo ibi tí wọ́n ti ń dúró, ó mọ bí ìsinmi kọ̀ọ̀kan ṣe ń pẹ́ tó, ó sì ń bá wọn sinmi lọ nígbà tí wọn ò sí níbẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ orúnkún yìí ló mú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí àwọn onímọ̀ ti rí nípa ẹranko àti ẹni tó ń sìn ín.

Imú ni kí n ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń gba òórùn sára nínú imú ajá lè tó 300 mílíọ̀nù. Tiwa ò ju nǹkan bíi 6 mílíọ̀nù lọ. Gregory Berns àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Emory ní Amẹ́ríkà kọ́ àwọn ajá láti dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ nínú ẹ̀rọ MRI tó ń ya àwòrán inú ọpọlọ, láìfún wọn lóògùn oorun, láìso wọ́n mọ́lẹ̀. Wọ́n wá gbé òórùn oríṣiríṣi sí wọn nímú: òórùn ara wọn, ti ajá tí wọ́n mọ̀, ti ajá àjèjì, ti èèyàn àjèjì, àti ti èèyàn tí wọ́n jọ ń gbé. Òórùn èèyàn tí wọ́n jọ ń gbé yìí ló ta apá ọpọlọ tó máa ń jí nígbà tí à ń retí ohun rere jí jù lọ. Ẹni tó ni òórùn náà kọ́ ló sì wà níwájú wọn nígbà yẹn. Òórùn rẹ̀ nìkan ti tó.

Ẹ wá wo ilé tí ikú ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀. Aṣọ ṣì wà lára ìkọ́, ìrọ̀rí ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì, fìlà ṣì wà lórí tábìlì. Àwa ń wò wọ́n bí ohun ìrántí. Ajá ń gbóòórùn wọn, ọpọlọ rẹ̀ sì ń sọ fún un pé ẹni náà ń bọ̀. Ó ṣeé ṣe kí èyí wà lára ohun tó ń fà á tí àwọn ajá kan fi máa ń fara balẹ̀ láwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, tí ìdààmú wọn á sì wá pọ̀ sí i nígbà tí a bá ti fọ aṣọ, tí a ti kó ẹrù, tí òórùn náà ti ń pòórá.

Ajá tún ń mọ̀ tó bá pẹ́. Lọ́dún 2011, Therese Rehn àti Linda Keeling ní Sweden gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n jẹ́ kí ajá dá wà nílé fún ìdajì wákàtí, wákàtí 2 àti wákàtí 4. Bí ajá ṣe ń kí ẹni tó ni ín lẹ́yìn wákàtí 2 lágbára ju ti ìdajì wákàtí lọ. Kí ó tó dìgbà yẹn, lọ́dún 1998, József Topál àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Hungary ti mú ìdánwò tí wọ́n fi ń wo bí ọmọ ọwọ́ ṣe so mọ́ ìyá rẹ̀, wọ́n fi wo ajá àti olówó rẹ̀ nínú yàrá tí ajá ò dé rí. Tí olówó bá wà níbẹ̀, ajá á ṣeré, á máa káàkiri. Tó bá ku òun àti àjèjì, ẹnu ilẹ̀kùn ló máa ń lọ dúró sí jù. Mo ka ìyẹn, mo rántí ilẹ̀kùn mọ́tò.

Àmọ́ nǹkan kan ń jẹ mí lọ́kàn nípa àwọn ìwádìí tó dá lórí ọ̀fọ̀ gan-an. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ikú ẹranko ẹlẹgbẹ́ ẹranko ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ikú èèyàn. Ìdí rẹ̀ ò ṣòroó rí. Tí ajá kan bá kú tí èkejì kù, olówó wọn wà níbẹ̀ láti dáhùn ìbéèrè. Tó bá jẹ́ olówó ló kú, ta ni yóò dáhùn? Ẹni tó mọ bí ajá náà ṣe ń jẹun tẹ́lẹ̀, bó ṣe ń sùn, ohun tó ń bà á lẹ́rù, ẹni náà gan-an ni a sin. Àwa tó kù ò mọ̀ ju ìdajì lọ.

Síbẹ̀, ohun tí wọ́n rí wúlò. Lọ́dún 2022, Federica Pirrone àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ítálì bi èèyàn 426 tí ọ̀kan nínú àwọn ajá wọn kú léèrè ọ̀rọ̀. Ìdá 86 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ajá tó kù yí padà sí búburú. Ìdá 67 ní ó ń lẹ̀ mọ́ àwọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìdá 57 ní eré rẹ̀ dín kù, ìdá 32 ní oúnjẹ rẹ̀ dín kù. Bí ìbànújẹ́ olówó ṣe pọ̀ tó sì ní í ṣe pẹ̀lú bí ẹ̀rù àti àìjẹun ajá ṣe pọ̀ tó. Ó lè jẹ́ pé ajá ń ka ojú wa. Ó sì lè jẹ́ pé ìbànújẹ́ tiwa là ń rí lójú rẹ̀. Ní tèmi o, méjèèjì ló ń ṣẹlẹ̀ pọ̀.

Ibi tí mo ti máa ń fẹ́ bá àwọn èèyàn jiyàn ni ọ̀rọ̀ ère. Gbogbo wa la mọ Hachikō, ajá Jàpáàn tó máa ń lọ pàdé Ọ̀jọ̀gbọ́n Hidesaburō Ueno ní ibùdókọ̀ ojú irin Shibuya ní Tokyo. Oṣù karùn-ún ọdún 1925 ni ẹ̀jẹ̀ ya sínú ọpọlọ ọ̀jọ̀gbọ́n náà, ó sì kú. Ajá náà ò yéé lọ sí ibùdókọ̀ títí tí òun náà fi kú ní oṣù kẹta ọdún 1935. Wọ́n ti gbẹ́ ère rẹ̀ lọ́dún 1934, òun fúnra rẹ̀ wà níbi tí wọ́n ti ṣí i. Ítálì náà ní Fido, tí bọ́ǹbù pa olówó rẹ̀ ní ìparí ọdún 1943, tó sì ń lọ dúró níbi tí bọ́ọ̀sì ń já èrò sí títí di ọdún 1958.

Wọ́n yẹ inú Hachikō wò lẹ́yìn tó kú, wọ́n bá igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń sun ẹran mẹ́rin nínú ikùn rẹ̀. Àwọn kan di ìyẹn mú pé, ẹ ò rí i, ẹran ló ń wá lọ síbẹ̀! Èmi ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Ọdún tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 10 ni. Ṣé kí ebi pa á ni kí ìfẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ òótọ́? Èyí tí mo ń fura sí ni ti Bobby, ajá kékeré ìlú Edinburgh tí wọ́n ní ó sùn sórí sàréè ọlọ́pàá aṣọ́de kan, John Gray, fún ọdún 14, títí di ọdún 1872. Lọ́dún 2011, Jan Bondeson tó ń ṣèwádìí ìtàn ní Cardiff sọ pé ajá méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ó ní láyé ìgbà yẹn, àwọn ajá aláìnílé máa ń gbé nínú itẹ́ òkú, àwọn èèyàn á sì máa bọ́ wọn torí wọ́n rò pé ọ̀fọ̀ ni wọ́n ń ṣe. Nígbà tí ti àkọ́kọ́ kú, wọ́n fi òmíràn dípò rẹ̀.

Ẹjọ́ mi pẹ̀lú ère kọjá bóyá ìtàn náà ṣẹlẹ̀ tàbí kò ṣẹlẹ̀. Ajá tí kò lè ṣíwọ́ ìdúró, tó fi ayé rẹ̀ tó kù sẹ́nu ọ̀nà, ni a ń yìn. A fẹ́ràn rẹ̀ torí pé olúkúlùkù wa ń fẹ́ kí ẹnì kan dúró de òun bẹ́ẹ̀. Ẹranko tó jẹ́ pé inú kọ́ńbọ́ọ̀dù ló sá pamọ́ sí, tí kò jẹun, kò sẹ́ni tó ń gbẹ́ ère tirẹ̀.

Ológbò ló ń jìyà ọ̀rọ̀ yìí jù. Wọ́n á ní ológbò ò mọ èèyàn, ilé ló mọ̀. Kristyn Vitale àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Oregon dán an wò lọ́dún 2019, wọ́n sì rí i pé nǹkan bí ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ ológbò ló so mọ́ olówó wọn dáadáa: tí olówó bá wọlé padà, ara wọn á balẹ̀, wọ́n á sì tún máa ṣeré lọ. Ológbò tó ń ṣọ̀fọ̀ kì í pariwo. Á kàn pòórá sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ewu ńlá ló wà níbẹ̀ tí àwọn èèyàn ò mọ̀. Tí ológbò ò bá jẹun fún ọjọ́ bíi 2 tàbí 3, pàápàá èyí tó sanra, ọ̀rá lè bo ẹ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì lè pa á. Nítorí náà, "fi í sílẹ̀, ebi á lé e jáde" kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń sọ nípa ológbò. Ti ehoro tún yá ju ìyẹn lọ. Tí ehoro ò bá jẹun fún ìdajì ọjọ́, dókítà ẹranko ló kàn.

Ẹyẹ ńkọ́? Ayékòótọ́ lè lo 40 ọdún, kó lò ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí náà ọ̀pọ̀ wọn ló ń sin olówó wọn. Àwọn kan á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu tu ìyẹ́ ara wọn títí àyà wọn á fi ṣí sílẹ̀. Ìdààmú ọkàn máa ń fa ìyẹn, àìsàn náà sì máa ń fà á, kí ẹnikẹ́ni má kàn pè é lọ́fọ̀ kó sì jókòó. Bákan náà ni ajá tó dùbúlẹ̀ tí kò fẹ́ dìde: ó lè jẹ́ àárò ló ń sọ ọ́, ó sì lè jẹ́ oríkèé ló ń dùn ún, tí ẹni tó máa ń fura sí i tẹ́lẹ̀ sì ti kú.

Ohun tó ran Tanímọ̀la lọ́wọ́ ò ní àdìtú kankan nínú. Aago tí bàbá máa ń fún un lóúnjẹ náà la ń fún un, nínú abọ́ kan náà. Màámi ò jẹ́ kí a fọ gbogbo aṣọ bàbá tán lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n tẹ́ ẹ̀wù àwọ̀sùn kan sí ibi tó ń sùn, wọ́n sì fi í síbẹ̀ títí òun fúnra rẹ̀ fi fi í sílẹ̀. A ò fipá fà á kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnì kan ní kí a tètè ra ọmọ ajá kan kó lè máa bá a ṣeré, Màámi ní rárá, ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ò wá àlejò tí yóò máa já a létí jẹ. Wọ́n gbọ́n. Ẹlòmíràn ní kí a fún un ní oògùn tí èèyàn ń lò kó lè sùn. Ìyẹn ni ẹ ò gbọdọ̀ ṣe láé. Parasitamọ́ọ̀lù tí à ń fi ẹnu lásán gbé mì, hóró kan lè pa ológbò. Oògùn wà fún ẹranko tí ìdààmú rẹ̀ bá le, ọwọ́ dókítà ẹranko ló sì ti ń wá.

Díẹ̀díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé àbúrò mi. Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá kí wa lọ́jọ́ kan, wọ́n bá Tanímọ̀la tó gbórí lé ẹsẹ̀ àbúrò mi, tó ń sùn fọnfọn. Ojú wọn korò.

"Ajá yìí ti gbàgbé Bàbá o."

Àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Kí lẹ fẹ́ kó ṣe?"

Wọn ò fèsì, wọ́n bọ́ sẹ́yìn ilé. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ajá náà ni wọ́n ń bá wí. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà dùn mí, torí mo ti gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu ẹlòmíràn: ológbò tó ti ń jẹun lọ́wọ́ ẹni tuntun, wọ́n ní aláìmoore ni, ẹyẹ tó ti kọ́ ohùn ẹlòmíràn, wọ́n ní ọ̀dàlẹ̀ ni. Opó tó bá tún rẹ́rìn-ín, a kì í sọ pé ó ti gbàgbé ọkọ rẹ̀. A máa ń dúpẹ́ ni. Nínú ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2016 lórí ajá àti ológbò tí ẹlẹgbẹ́ wọn kú, ìyípadà ìwà náà kì í sábà kọjá oṣù 6. Ara ló ń wá ọ̀nà láti yè. Tanímọ̀la yìí kan náà, títí di ìsinsìnyí, ó ṣì ń jókòó sábẹ́ igi yẹn láàárọ̀. Àbúrò mi náà ti ń jókòó tì í.

Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé kò sẹ́ni tó lè túfọ̀ fún ẹranko, iṣẹ́ náà bọ́ sọ́rùn ẹni tó ni ín nígbà tí ẹ̀mí ṣì wà. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, dúkìá ni òfin ka ẹran ọ̀sìn sí, bíi tábìlì; tí olówó bá kú láìsọ nǹkan kan, ẹni tó jogún tábìlì náà ló jogún ajá, bóyá ó fẹ́ ajá tàbí kò fẹ́. Ní Amẹ́ríkà, Leona Helmsley, obìnrin olówó tó ní àwọn hòtẹ́ẹ̀lì, kú lọ́dún 2007, ó sì fi 12 mílíọ̀nù dọ́là sílẹ̀ fún ajá rẹ̀, Trouble. Adájọ́ gé e kù sí 2 mílíọ̀nù. Wọ́n fi rẹ́rìn-ín káàkiri ayé. Àmọ́ ó kéré tán, ó ti ronú nípa ẹni tí yóò ṣí ilẹ̀kùn fún ajá náà lọ́jọ́ kejì. Ọ̀pọ̀ àwọn tó fi í ṣẹ̀sín ò tíì ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Èmi náà ní ológbò kan. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé: ohun tó ń jẹ, aago tó ń jẹ ẹ́, dókítà tó ń wò ó, pé kì í fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ikùn òun, pé tí ó bá sá lábẹ́ òjò, orí kọ́ńbọ́ọ̀dù ni kí wọ́n ti wá a. Mo sì ti bá àbúrò mi sọ ọ́. Ó ní òun á gbà á, kò sí wàhálà, àmọ́ kò gbọdọ̀ gun bẹ́ẹ̀dì òun. Mo ní kó lọ sọ ìyẹn fún ológbò fúnra rẹ̀.